Kilwa, Èbúté Oníṣòwò ti Orí Erékùṣù
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí)

   

Ohùn méjì ni mo máa ń gbọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀sìn Lárúbáwá ni Ìsìláàmù, pé ènìyàn dúdú kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ ju ìyà oko ẹrú lọ. Àwọn kejì, tí wọ́n ka ara wọn sí olùfọkànsìn, ń ṣe bí ẹni pé Mùsùlùmí kò lè pé títí yóò fi di Lárúbáwá. Kí a tó dá èyíkéyìí nínú wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí a dé Kilwa, erékùṣù kékeré kan ní etíkun gúúsù orílẹ̀-èdè Tanzania, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Afẹ́fẹ́ ni ó sọ Kilwa di ìlú. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ òkun ìhà ibẹ̀ a máa fẹ́ láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà wá sí Áfíríkà. Láti oṣù kẹrin, yóò yí padà, yóò sì máa fẹ́ lọ sí ibi tí ó ti wá. Ọkọ̀ onígbòkun tí ó bá bá ti àkọ́kọ́ wá gbọ́dọ̀ tà, kí ó rà, kí ó sì bá ti èkejì padà sílé. Kilwa ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí ó jìnnà jù tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dé kí ó sì padà láàárín ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ni wúrà tí àwọn oníṣòwò ń wá ṣì wà níwájú, ní Sofala, níbi tí wọ́n ń kó o dé láti ilẹ̀ Zimbabwe. Àwọn ará Kilwa ni wọ́n gba ọ̀nà yìí mú. Ẹni tí ó bá mọ Sūratu Kuraeṣi, tí ó mẹ́nu ba ìrìn-àjò ìgbà òtútù àti ti ìgbà ooru, yóò rí i pé kì í ṣe àwọn ará Mákà nìkan ni Ọlọ́hun fi àsìkò ṣe ọ̀nà àtijẹ fún.

Ìtàn tí àwọn ará Kilwa kọ sílẹ̀ wà ní èdè Lárúbáwá. Potogí kan, João de Barros, sì tẹ ẹ̀dà mìíràn jáde ní 1552. Ó sọ pé ọmọ ọba kan láti Shiraz ní ilẹ̀ Páṣíà, Ali ọmọ al-Hasan, ni ó ra erékùṣù náà lọ́wọ́ ọba dúdú tí ó ni ín, tí ó sì fi aṣọ tí ó gùn tó láti yí i ká san owó rẹ̀. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Neville Chittick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ohun tí wọ́n rí fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 800 sí 900, nínú ilé alámọ̀, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń rọ irin. Ní 2023, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí egungun àwọn òkú àtijọ́ etíkun náà, ti Kilwa wà lára wọn. Ọmọ Áfíríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ńlá wọn. Nínú àwọn baba ńlá wọn, a rí àwọn tí ó ti Páṣíà wá ní nǹkan bí ọdún 1000. Nítorí náà, òpìtàn àtijọ́ kò purọ́ tán. Àwọn ìyá ni ó gbàgbé.

Òkúta inú òkun ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí ńlá wọn. Sultan al-Hasan ọmọ Sulaiman ni ó fẹ̀ ẹ́ lójú lẹ́yìn ọdún 1300, òun kan náà ni ó kọ́ ààfin Husuni Kubwa, tí yàrá rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó rọ owó bàbà tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, a sì ti rí ọ̀kan nínú owó náà ní Great Zimbabwe, jìnnà réré sí òkun.

Ní ayé ọba yìí ni Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, dé Kilwa ní 1331. Ó kọ ọ́ pé dúdú ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n sì ní àmì tí a fi abẹ kọ sójú. Ilà nìyẹn! Ẹ̀yin tí baba yín kọ pélé tàbí àbàjà, ẹ gbọ́. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè lọ kọ ilà fún ọmọ, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ tó lórí yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Mo sọ ọ́ nítorí pé onímọ̀ òfin Ṣẹ̀ríà tí ó rí ojú wọ̀nyẹn jẹ́rìí sí ẹ̀sìn àti ìwà rere wọn láìní kí wọ́n kọ́kọ́ di Lárúbáwá.

Abū al-Mawāhib, Baba Ẹ̀bùn, ni wọ́n ń pe ọba náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí ó ti kírun tán tí ó ń lọ sílé, tálákà kan láti Yemen dá a dúró, ó ní aṣọ ọrùn rẹ̀ ni òun ń fẹ́, lójú ẹsẹ̀. Ọba padà, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn, ó sì kó o fún un. Ọmọ ọba gba aṣọ náà padà lọ́wọ́ tálákà, ó sì fún un ní ẹrú mẹ́wàá dípò rẹ̀. Nígbà tí ọba gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń yìn ín, ó fi ẹrú mẹ́wàá mìíràn àti ẹrù eyín erin méjì kún un.

Ọ̀pọ̀ oníwáàsí ń dúró síbi ọlá náà. Èmi kò lè ka ogún ènìyàn kọjá bẹ́ẹ̀. Ibn Battuta fúnra rẹ̀ sọ ibi tí irú wọn ti ń wá: ọba a máa gbógun ti àwọn dúdú tí kì í ṣe Mùsùlùmí, a sì máa kó ìkógun. Kò kọ orúkọ ẹnì kan nínú ogún náà sílẹ̀. Sūratu l-Balad ni ó fi ìdásílẹ̀ ẹrú ṣáájú nínú iṣẹ́ tí ó ṣòro í gùn bí òkè, ààfin Kilwa sì ń kà á. Ní 1776, sultan mìíràn níbẹ̀ bá Faransé kan, Morice, ṣe àdéhùn ẹgbẹ̀rún kan ẹrú lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá sọ pé Mùsùlùmí kò kó ẹrú rí ń purọ́, a kì í sì fi irọ́ gbèjà Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹrú nìkan ni ènìyàn dúdú jẹ́ nínú ẹ̀sìn yìí, kí ó bi ara rẹ̀ pé ta ni ó jọba ní Kilwa, ta ni ó rọ owó, ta ni ó dúró ní sàfù.

Ìparí ògo náà kò pẹ́ rárá. Vasco da Gama fi ipá gba wúrà ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní 1502. Ní oṣù keje 1505, ọmọ ogun Francisco de Almeida kó ìlú náà lẹ́rù, wọ́n fi ẹlòmíràn jọba, wọ́n sì kọ́ ilé ogun. Ìṣòwò wúrà yà kúrò níbẹ̀, nígbà tí ó sì di 1512, àwọn Potogí fúnra wọn kẹ́rù wọn lọ. Àwọn òpó mọ́sálásí náà àti míhírábù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àríwá gan-an ni míhírábù náà kọjú sí, nítorí pé láti Kilwa, ìhà ibẹ̀ ni Mákà wà.