Fóòmù Lórí Ọkọ̀: Ohun Tí Òfin Ń Béèrè Lọ́wọ́ Awakọ̀

Bí ọdún tàbí ìnáwó bá ti ń súnmọ́lé, ẹ ó máa rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ru fóòmù àti kúlà ńlá lórí, tí awakọ̀ na ọwọ́ kan jáde lójú fèrèsé láti fi di ẹrù mú. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, yóò ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Road Safety, ni. Lójú tèmi, ibi tí kò yẹ ni ẹ̀rù yẹn kọjú sí. Ọlọ́kadà àti èrò inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni òfin ń rò. Ẹni tó bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀ sí wọn ló lè fọkàn balẹ̀ béèrè ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́.

Fóòmù kò wúwo, ìyẹn la ṣe ń fojú kéré rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wàhálà ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kúrò lórí eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 100, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ká fóòmù sókè di ìlọ́po mẹ́rin. 100 yẹn gan-an ni òfin fi ṣe òpin eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọ̀nà márosẹ̀. Okùn tó dúró gbọin-in láti Ọjọ́ta dé Bẹ́gà lè já kí ẹ tó rí Ṣágámù, ọwọ́ tí ẹ nà síta kò sì lè dá a dúró. Abala 343 nínú òfin ìwà ọ̀daràn (Criminal Code) sọ pé ẹni tó bá fi àìbìkítà wa ọkọ̀ lójú pópó lọ́nà tó lè fi ẹ̀mí ènìyàn wewu ti jẹ̀bi, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kú. Owó ìtanràn Road Safety jẹ́ ₦10,000 fún àpọ̀jù ẹrù, ₦50,000 fún ìwakọ̀ eléwu. Bí ẹrù bá já lu ọkọ̀ ẹlòmíràn ńkọ́? Ìbánigbófò ẹni kẹta tí òfin sọ di dandan, tó di ₦15,000 lọ́dún láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, ń san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́. Èyí tó bá lé, àpò yín ni yóò ti jáde, ìbánigbófò náà kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tiyín.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé òfin kò dárúkọ fóòmù, àti pé abala 36(12) nínú Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999 kò fàyè gba kí a dá ènìyàn lẹ́bi lórí ohun tí òfin kò kọ sílẹ̀. Òótọ́ ni abala yẹn sọ. Ṣùgbọ́n àìbìkítà tó ń fẹ̀mí wewu wà nínú ìwé, ohun yòówù kí ẹ fi ṣe é. Àtakò tó wọ̀ mí lára ni ti àwọn tó ní ẹ̀ṣọ́ á gbowó náà ni, a dì í dáadáa, a kò dì í dáadáa. Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì burú. Síbẹ̀ abala 36(5) ní aláìlẹ́ṣẹ̀ ni yín títí ẹ̀ṣẹ̀ yóò fi hàn. Ẹ fi sùúrù béèrè orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀sùn. Báńkì là ń san ìtanràn sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Rìbá tí ẹ bá fún un, ẹ̀ṣẹ̀ tiyín nìyẹn. Bí ẹ kò bá gbà pé ẹ jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ló ń dájọ́. Bí wọ́n bá tì yín mọ́lé, abala 35(3) ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún yín láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹni tó ya fọ́tò okùn rẹ̀ kó tó gbéra ní ohun tó lè gbé síwájú adájọ́. Ẹni tó fọwọ́ di tirẹ̀ mú kò ní nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ di ẹrù mọ́ irin kẹ́ríà níwá àti lẹ́yìn, ẹ dúró yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì dín eré kù. Bí kò bá ṣeé dì, ẹ háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ilé ẹjọ́, ẹni tí kò rówó gba lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976.