Ta ni yóò gbẹ́ gọ́tà ọ̀nà wa?

 

Ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀, ta ni nínú wa tí kì í ká ṣòkòtò sókè kí ó tó jáde nílé? Omi tí a fi wẹ̀, omi tí a fi fọ aṣọ, àti èyí tí ó ti ṣáláńgá ṣàn wá, gbogbo wọn a pàdé lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Bí a bá sì béèrè pé ta ni yóò tún un ṣe, gbogbo ẹnu a dáhùn pé mẹ́rì ni.

Ìlú kan wà ní ọ̀nà jíjìn, ní ilẹ̀ Pakistan, Karachi ni wọ́n ń pè é. Àdúgbò ńlá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orangi. Láti nǹkan bí ọdún 1965 ni àwọn aláìní ti ń kọ́lé síbẹ̀, lẹ́yìn ogun ọdún 1971 èrò sì pọ̀ sí i gidigidi. Àwọn alágbàtà ni ó ta ilẹ̀ fún wọn, ìjọba kò fọwọ́ sí i, nítorí náà kò sí gọ́tà. Inú garawa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí, ojú ọ̀nà ni wọ́n sì ń dà á sí.

Ní ọdún 1980, bàbá kan tí ń jẹ́ Akhtar Hameed Khan wá sí Orangi. Ẹni ọdún 65 ni.  Ó kàn ń rìn káàkiri, ó ń béèrè ohun tí ó ń ni àwọn ènìyàn lára. Omi ìdọ̀tí ni wọ́n dárúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa nìkan! Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, Orangi Pilot Project, kò bá wọn jiyàn. Ìṣirò ni wọ́n ṣe. Owó tí ìjọba ń ná lórí gọ́tà pọ̀, nítorí agbaṣẹ́ṣe a jẹ èrè tirẹ̀, àwọn mìíràn a sì gba rìbá tiwọn. Bí onílé bá ṣe é fúnra wọn, owó náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí tálákà lè san án.

Ilé 20 sí 40 ni ó wà ní ọ̀nà kan. Àwọn ará ọ̀nà yẹn a jókòó, wọn a yan ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán láàrin ara wọn. Ẹni yẹn ni yóò lọ bá ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ a rán àwọn tí ó mọ ilẹ̀ wọ̀n wá, wọn a ya àwòrán ọ̀nà náà, wọn a sọ iye tí iṣẹ́ náà yóò jẹ. Wọn a tún yá wọn ní irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò fọwọ́ kan owó. Ará ọ̀nà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, àwọn náà ni ó ń ná an.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Ní abúlé kan tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, wọ́n dá owó kànga, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìṣirò, ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni òun san, akápò ní ẹgbẹ̀rún kan ni. Kànga náà wà níbẹ̀ títí dòní, kò jìn ju ìbàdí ènìyàn lọ.

Ní Orangi pàápàá, ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Kọnkéré àwọn kan kò dára, nítorí wọn kò mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ máa bu omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè le. Ẹgbẹ́ ní láti padà lọ kọ́ wọn.

Ṣáláńgá inú ilé, gọ́tà ọ̀nà, àti èyí tí gọ́tà ọ̀nà púpọ̀ ń ṣàn sí, ti onílé ni. Gọ́tà ńlá tí ó ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde, àti ibi tí a ti ń fọ omi náà mọ́, ti ìjọba ni. Bí ìjọba kò bá ṣe tirẹ̀, ìdọ̀tí wa yóò kàn ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni. Arábìnrin kan, Perween Rahman, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ, wọ́n ya àwòrán gọ́tà Orangi, lẹ́yìn náà ti àwọn ojú àgbàrá Karachi. Àwòrán yẹn ni wọ́n ń gbé lọ bá ìjọba. Ilé tí ó lé ní 90,000 ni ó ti ní gọ́tà lọ́nà yìí ní Orangi. Khan kú ní ọdún 1999. Perween Rahman ń kọ ilẹ̀ tí àwọn alágbára ń gbà lọ́wọ́ tálákà sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2013.

Ní ilẹ̀ Benin níhìn-ín, láti ìdìbò ọdún 2002 sí 2003 ni kọ́múùnù 77 ti ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn. Ẹ̀yin ará Tógò, ọdún 2019 ni ẹ tó tún dìbò irú rẹ̀, láti ọdún 1987. Ní Benin, kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan ní láti kọ ètò ìdàgbàsókè rẹ̀ sínú ìwé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ lọ béèrè fún un, kí ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀nà yín wà nínú rẹ̀.

Kí a tó tún pàdé, kí ẹgbẹ́ ìkàwé kọ̀ọ̀kan ka iye ilé tí ó wà ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ kọ orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ sì fi ọfà sí ibi tí omi ń ṣàn sí. Ẹni tí kò bá tíì mọ orúkọ kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a di gègé mú. Ó dàbọ̀ o.