Ẹsẹ̀ Ló Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

   

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún yìí ní kí àwa tí à ń bójú tó eré ìdárayá sọ̀rọ̀ lórí gọ́ọ̀fù, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní eré olówó ni, kí ló kan ọmọ àgbẹ̀ Owé níbẹ̀? A kò bá wọn jà. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Abùjá àti Èkó ti ń gbá a, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sílé náà sì ti ń béèrè nípa rẹ̀. Ẹ̀sùn kan náà ni gbogbo wọn ń fi sun bọ́ọ̀lù: àwọn fi gbogbo agbára gbá a, kò lọ síbi tí àwọn rán an. Èsì wa kúrú. Agbára kọ́ ló kù, ìdúró ni.

Eré yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ọdún 1938 ni àwọn òyìnbó ti dá Ikoyi Club sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1978, ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ Sandy Lyle gba Nigerian Open, ìyẹn kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tó gba Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti Masters ti Amẹ́ríkà ní 1988. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ pápá wa ni kò ní koríko tútù níbi ihò. Yanrìn tí a fi epo pò ni, wọ́n ń pè é ní “browns”. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wá fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun, kádì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, ọmọ tó ń ru àpò ọ̀pá kiri lẹ́yìn ọ̀gá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní bàtà gọ́ọ̀fù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàtà yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á kọ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. (Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí gbogbo ohun tí a bá sọ padà.) Bó bá gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn, ìwúwo ara rẹ̀ á lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó bá ń fì í bọ̀, ìwúwo náà á ṣí lọ sórí ẹsẹ̀ òsì, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, orí ọ̀pá ń sáré ju kìlómítà 160 ní wákàtí kan lọ, eré tí kò yẹ kí awakọ̀ kankan sá lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà. Ohun tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ní ìpẹ̀kun apá ènìyàn fẹ́ fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ kò bá mú ilẹ̀, orí á sún, èjìká á tẹ̀ lé e, ojú ọ̀pá á sì kan bọ́ọ̀lù ní wíwọ́. Ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ ọ̀pá, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ẹni tó bá ti bá baba rẹ̀ ṣán oko rí mọ èyí ju bó ti rò lọ. Bí àgbẹ̀ gidi bá ń fi àdá ṣán igbó, á ya ẹsẹ̀ rẹ̀, á tẹ orúnkún díẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà àdá. Kì í fi gbogbo agbára sí àdá kan, nítorí ilẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ìlú tó wá lo ìsinmi ló máa ń jù ú bí ẹni ń jà, tí yóò sì jókòó kí oòrùn tó mú. Àwọn ìyá wa tó ń pọn omi lódò tún mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ìkòkò wà lórí, ọwọ́ kò dì í mú, omi kò sì dà, nítorí orí wọn dúró síbi kan, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. A gbà pé bí wọ́n bá fún wọn ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù, wọ́n á tètè jù wá sílẹ̀.

Ìdánrawò àkọ́kọ́ tí a ń fi kọ́ ènìyàn ni kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n kanra. Mú ọ̀pá kúkúrú, gbé e dé ìbàdí péré, kí o sì fì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dé èjìká. Bí o bá ta gọ́ọ́-gọ̀ọ̀, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ kò dára. Èjìká rẹ ló ń fi ipá ṣe é. Din ipá náà kù, tún un ṣe. Fì í nígbà ogún láìsí bọ́ọ̀lù, kí o tó gbé bọ́ọ̀lù síwájú. Ìyàlẹ́nu ló máa ń jẹ́ fún àwọn ọkùnrin alágbára pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pípọ̀ gbá lọ tààrà ju èyí tí wọ́n ti fi gbogbo ara gbá láàárọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gọ́ọ̀fù gba òwe yìí gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ya ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, gbá bọ́ọ̀lù, kí o sì dúró bí ère. Má ṣe kúrò níbẹ̀ títí bọ́ọ̀lù yóò fi balẹ̀. Àyà rẹ yóò ti kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù lọ, gìgísẹ̀ ọ̀tún á ti kúrò nílẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni yóò kù. Bí ẹnì kan bá ní kí o gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn sókè pátápátá, ṣé o lè gbé e láìṣubú? Ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Ẹni tí ìwúwo rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn kò lè gbé e. Gary Player, ọmọ South Africa tó gba ìdíje ńláńlá mẹ́sàn-án, tilẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà síwájú bí ẹni ń rìn lọ lẹ́yìn tó bá gbá bọ́ọ̀lù tán. Ẹ gbìyànjú rẹ̀; ẹni tó ṣubú sẹ́yìn kò lè rìn síwájú.

Ọ̀rọ̀ bàtà nìyí. Sam Snead ti Amẹ́ríkà, tó gba ìdíje 82 lórí ìrìn àjò àwọn ògbóǹtarìgì níbẹ̀, fẹ́ràn láti máa fi ẹsẹ̀ lásán dánra wò. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ ń gbọ́ ohun tí bàtà kì í jẹ́ kó gbọ́. Bí ara bá ń sún ju bó ti yẹ lọ, òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wá ibi tí kò ní ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe èyí o, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ lè gba ọgbẹ́ láìmọ̀.

Ìdí tí a fi ń gùn mọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọjá ife-ẹ̀yẹ. Púpọ̀ nínú wa ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí, a ti lọ kí ẹlẹgbẹ́ wa lórí ibùsùn, tó jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú, tí egungun ìbàdí sì ṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìṣubú ló wà ní ipò kejì nínú ìjàm̀bá tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tó ń pa ènìyàn jù lágbàáyé. Ojú, inú etí, àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú oríkèé ara ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà. Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, gbogbo wọn ń rọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míràn tún lè mú kí òòyì kọ́ni bí a bá dìde lójijì, nítorí náà kí ẹni tó ń lò ó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí.

Ní 2022, àwọn oníṣègùn kan ní Brazil gbé àbájáde ìwádìí jáde nípa àwọn 1,702, láti ẹni ọdún 51 dé 75. Wọ́n ní kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kò lè ṣe é. Nínú bí ọdún méje tí wọ́n fi tọ́pa wọn, àwọn tí kò lè dúró kú ju àwọn tó lè dúró lọ dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan ló ń pa ènìyàn. Ó ń fi bí ara ṣe wà hàn ni. Ṣùgbọ́n ìdúró ṣeé kọ́, a sì ti rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí kò lè ka márùn-ún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ń ka ogún báyìí. Bí ẹ bá ń fọ eyín láàárọ̀, ẹ di ìkangun ògiri mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan. Bó bá rọrùn, ẹ fi ògiri sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má di ojú o, àfi bí ẹlòmíràn bá dúró tì í.

A ti kó ọ̀pá mẹ́fà wá, àti bọ́ọ̀lù ike tí kì í fọ́ gíláàsì ẹnikẹ́ni. Bí a bá jẹun tán, a ó wà lórí koríko tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ pè. Kí àwọn tó wọ agbádá ká a lé èjìká dáadáa, tàbí kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá.