Ta ni ó kọ́ ilé ìsìn abúlé wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sí yín rárá. A fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe lè wádìí ìtàn kíkọ́ ilé ìsìn tí ó wà ní abúlé olúkúlùkù wa, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó kọjá lọ.

Bí àlejò bá wọ abúlé, tí ó sì bèèrè pé, "Ta ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí?" ibi òkúta ìpìlẹ̀ ni a máa ń mú un lọ. Orúkọ bíṣọ́ọ̀bù tàbí ti ọlọ́lá kan ni yóò bá níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹni náà wá. A kò kóyán àwọn ẹni ọ̀wọ̀ wọ̀nyí kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá fi òkúta lélẹ̀ ti padà sí ilé rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Àwọn tí ó ru amọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé, orúkọ tiwọn kò sí lára òkúta. Òkúta ìpìlẹ̀ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo òtítọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e: Ilẹ̀ ta ni? Owó ta ni? Ọwọ́ ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé ni ó ni ilẹ̀, àwọn àgbà ìdílé ni ó sì ń fi í fún àlejò. Nígbà tí David Hinderer kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851, ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè ni ó lọ láti gba àyè. Ní 1853 ni òun àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Bí ó ti rí ní ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní abúlé: kò sí ilé ìsìn tí ó dá dúró lórí afẹ́fẹ́. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, ìtàn ẹnu sọ pé igbó tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dé ni a fún àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ní abúlé yín, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ìdílé tí ó ni igbó náà. Ẹ bèèrè ẹni tí ó ṣe ẹlẹ́rìí, ibi tí ààlà dé, àti bóyá pèrègún tí a gbìn sí ojú ààlà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ó fún ìjọ ní ilẹ̀ bá jẹ́ babaláwo tàbí mùsùlùmí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ tìyìn-tìyìn, nítorí inú rere rẹ̀ ni a ń jókòó lé lórí ní ọjọọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìtàn lásán lọ. Ẹni tí ó fún ni ti kú, ẹni tí ó gbà ti kú. Bí ìwé kò bá sí, àwọn ọmọ méjèèjì yóò pàdé ní kóòtù, owó tí ó yẹ kí a fi tún òrùlé ṣe yóò sì bọ́ sí ọwọ́ lọ́yà. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn sílẹ̀ ní àkókò ti gba abúlé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́.

Ìbéèrè kejì: owó ta ni? Ní ìgbà àwọn baba ńlá wa, owó ẹyọ ni a ń dá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tí a kọ ẹgbàá tàbí ọ̀kẹ́ sí, ẹ rántí pé ẹgbàá jẹ́ 2,000 ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Lẹ́yìn náà ni ṣílè àti kọ́bọ̀ dé, pẹ̀lú owó kíláàsì tí a ń san ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ àti ọrẹ ìkórè tí a ń mú wá lọ́dọọdún. Ìwé owó wọ̀nyí, bí ó ti wù kí wọ́n gbó tó, ni ó fi hàn wá pé ilé ìsìn abúlé kì í ṣe ẹ̀bùn tí ó ti òkè òkun já bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú Agége ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan àwa àgbẹ̀ gidigidi. Ní 1901, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, kọ̀ láti gba ohun tí àwọn aláṣẹ ìjọ ṣe nípa James Johnson, olùṣọ́-àgùntàn wọn. Wọ́n jáde, wọ́n fi ilé tí wọ́n ti náwó-nára sí sílẹ̀, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Jacob Kehinde Coker, tí a bí ní 1866, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn. Coker yìí kan náà ni ó ní oko kòkó ńlá ní Ìfakò lẹ́bàá Agége, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ìlú òkè wá síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbin kòkó sí oko, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ ní abúlé. J. B. Webster, onímọ̀ ìtàn tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1964 lórí àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Yorùbá, tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ ni àwọn ìwé tí Coker fi sílẹ̀, tí a kó pamọ́ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ìwé ìṣirò oko lè jẹ́ ìwé ìtàn ìjọ. Ẹ má ṣe fi ìwé kòkó baba yín dáná.

Àgbẹ̀ tilẹ̀ lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju ọ̀mọ̀wé lọ. Bí ìwé ìpàdé ìjọ bá sọ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1919, tí ó sì dúró ní 1921, ẹni tí kò mọ oko lè rò pé ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ni ó tutù. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ yóò bèèrè pé, "Èló ni kòkó nígbà náà?" Yóò sì rí i pé kòkó gbówó lórí lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, pé lójijì ni iye rẹ̀ já lulẹ̀ ní ìparí 1920, àti pé ó tún já lẹ́yìn 1929. Ògiri tí ó dúró láìní òrùlé kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn baba wa ya ọ̀lẹ. Ọjà ni ó dá wọn dúró. Ẹ fi iye owó kòkó sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìjọ nígbà tí ẹ bá ń kà á, yóò yà yín lẹ́nu bí wọn yóò ti máa fèsì fún ara wọn.

Ìbéèrè kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa: ọwọ́ ta ni? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ilé amọ̀. A óò wa ilẹ̀, a óò da omi sí i, a óò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. A óò mọ ipele kan, a óò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó mọ òmíràn lé e. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn ọkùnrin ni ìtàn sábà máa ń dárúkọ nítorí pé àwọn ni ó wà lórí ògiri. Ṣùgbọ́n ta ni ó pọn omi tí a fi po amọ̀? Ta ni ó ru koríko tàbí ewé tí a fi bo ilé kí páànù tó dé? Ta ni ó se oúnjẹ tí ọlọ́wẹ̀ jẹ? Àwọn ìyá wa ni, àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Bí a bá kọ ìtàn tí kò dárúkọ wọn, ìdajì iṣẹ́ náà ni a fi pamọ́.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ ṣègbé. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà ni a mọ̀ mọ iṣẹ́ mọlémọlé àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Orúkọ Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ṣì wà nínú ìtàn ilé ìsìn Holy Cross tí a parí ní 1881. Bí Èkó bá rántí àwọn tí ó mọ ògiri rẹ̀, kí ni yóò dí abúlé wa lọ́wọ́ láti rántí tiwọn?

Báwo ni a ó ti ṣe é? Ẹ lọ bá àwọn àgbàlagbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan má baà di ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Ẹ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe fi èsì sí wọn lẹ́nu. Bí àgbà bá sọ pé òun kò mọ ọdún, ẹ bi í léèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ogun Àdùbí ti 1918 ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá kí àrùn ńlá ọdún kan náà tó pa ènìyàn ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí ó mú yín lọ sí odò tí a ti pọn omi àti kòtò tí a ti wa amọ̀. Ẹsẹ̀ àgbà a máa rántí ohun tí ẹnu rẹ̀ gbàgbé. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú àti ìwé ìpàdé, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé wé ara wọn. Bí wọ́n bá takò ara wọn, ẹ kọ méjèèjì.

Fún ìjọ tí ó ti pẹ́, ìwé wà lókè òkun pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ C.M.S. tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, irú James White tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ní 1854, a máa kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé wọ̀nyí wà ní yunifásítì Birmingham báyìí, wọ́n sì kún fún orúkọ àwọn ènìyàn wa. Ohun tí ó wà nílé ni ó ń parẹ́. Nígbà Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta ní 1867, a kó ilé ìsìn lẹ́rù, Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní 1859 sì dákẹ́. Lónìí, kò sí ẹni tí ó ń fọ́ ilé; ikán, òjò àti ìgbàgbé ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, àti àwa fúnra wa tí a ń wó ilé àtijọ́ láìya àwòrán rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, ó kéré tán. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Bí kì í bá ṣe pé àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ilé, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ sì fi wọ́n tún un kọ títí ó fi jáde ní 1921, àdánù ńlá ni ìbá jẹ́ fún gbogbo wa. Kí ẹ̀dà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí èkejì wà ní ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ìwé kan, gègé kan, àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bí ó bá wà, ó tó. Ohun tí ó gbà ni kí a yára, nítorí pé ọdọọdún ni a ń sin àwọn tí ó mọ̀. Kí olúkúlùkù abúlé yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù. Nígbà tí ìkórè tí ń bọ̀ bá dé, kí a ka orúkọ náà sétí gbogbo ìjọ: ẹni tí ó fún wa ní ilẹ̀, ẹni tí ó dá owó, ẹni tí ó ru amọ̀ àti ẹni tí ó pọn omi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọwọ́ tí ó para pọ̀ fún wa.