Omi Tí A Sé Mọ́nú: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíndìnrín Tó Wú

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà àwọn irúnmọlẹ̀. Mo júbà Ayélála, tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Mo júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ péjọ sí Òkìtìpupa lónìí. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo gbé wá. Ọkùnrin kì í fẹ́ sọ ọ́ níta, ṣùgbọ́n ìtìjú yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Kíndìnrín méjì ni Ọbàtálá mọ sí ara wa, lẹ́bàá ẹ̀yìn, lábẹ́ ìhà. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń sẹ́ ògì. Ìdọ̀tí tí wọ́n sẹ́ kúrò, pẹ̀lú omi, ni ìtọ̀. Ó ń gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ sínú àpò ìtọ̀. Bí ohun kan bá dí ọ̀nà náà, kíndìnrín kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìtọ̀ yóò padà sẹ́yìn, yóò fẹ kíndìnrín, yóò sì máa ba ẹran ara rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló ń dí i? Lára àgbà ọkùnrin, kókó tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní prostate, a máa tóbi. Òkúta a máa há sọ́nà. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ a máa fún ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin pa. Lára ọmọ tó ń wẹ̀ lódò, ẹ má gbàgbé atọ̀sí ajá: kòkòrò tó ti ara ìgbín omi wá, tó gba awọ wọlé, tí ẹyin rẹ̀ ń dá ọgbẹ́ sí àpò ìtọ̀ àti ọ̀nà ìtọ̀. Ní 1966, Adétòkunbọ̀ Lucas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nínú Lancet nípa ohun tí àwòrán X-ray fi hàn lẹ́yìn tí wọ́n tọ́jú irú àìsàn yìí. Praziquantel ni oògùn rẹ̀ lónìí.

Ní tèmi, ìtọ̀ mi ń kán tó-tó-tó. Mo po àgbo tó ń mú ni tọ̀, mo ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mo ti ń mu ún ni ikùn ń le sí i. Èmi fúnra mi ni mo ń da omi kún odò tí a ti sé. Ìyàwó mi ló wí pé, “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.” Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde. Scan fi hàn pé kíndìnrín méjèèjì ti wú. Ti ọ̀tún padà bọ̀ sípò. Ti òsì kò padà tán, nítorí mo pẹ́.

Ẹ̀yin oníṣègùn ẹgbẹ́ mi, Ọ̀sanyìn ló ni ewé, ṣùgbọ́n ewé kì í wọ́ igi tó wó dí odò. Bí ẹnìkan bá wá sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ìhà dídùn, ìtọ̀ tí kò já geere, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ kọ́kọ́ rán an lọ ṣe scan. Bí ibà bá bá ìhà dídùn rìn, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde rárá, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ẹ má sì dúró de ìrora: kíndìnrín kan lè máa wú láìsọ̀rọ̀, nígbà tí èkejì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹni tó bá wà láàyè ló ń bọ òrìṣà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.