Oṣù Mẹ́fà Tó Ń Já Ọmọbìnrin Jù Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìrolú nílẹ̀ Rẹ́mọ wa, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá owó jọ fún àwọn ọmọbìnrin yín tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì. Ó dára púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa ná owó náà sí ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa. Ní 1982 ni àwọn obìnrin ẹnjiníà mélòó kan dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí APWEN. Joanna Maduka ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Títí di òní, wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri láti fi iṣẹ́ náà han àwọn ọmọbìnrin. NSE, tó jẹ́ ẹgbẹ́ gbogbo ẹnjiníà, ti wà láti 1958. Ọdún 2024 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ààrẹ rẹ̀, ìyẹn Margaret Oguntala. Ọdún 66! Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ obìnrin nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ti tán nílẹ̀, ẹ ní kó tún un kà.

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ máa ń dúró sí. Ní 1990 ni Yunifásítì Makerere ní Uganda bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì kan àbọ̀ kún ti ọmọbìnrin tó bá ń wá àyè. Obìnrin pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíláàsì ẹnjiníà kò rí nínú èrè náà tó bí a ṣe rò. Lẹ́yìn 2000, àjọ Carnegie ti New York san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin kan ní yunifásítì Ifẹ̀, Zaria àti Jos. Wọ́n ṣeun. Àmọ́ ọmọ tó ti wọlé, ta ló ń bá a dé ìparí?

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Ní ọdún kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ á kúrò ní kíláàsì fún oṣù mẹ́fà, á lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Òun ni gbogbo ọmọ yunifásítì ń pè ní IT. Láti 1973 ni ìjọba ti gbé ètò náà kalẹ̀. Lórí ìwé, ètò gidi ni. Lójú pópó, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbé lẹ́tà kiri láti géètì dé géètì. Bí ọmọbìnrin bá dé géètì, wọ́n á ní iṣẹ́ alẹ́ wà, kò sí ibi tí obìnrin lè sùn, kò tilẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún obìnrin. Àwọn tó bá ṣàánú rẹ̀ á gbà á, wọ́n á wá fi í jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa to fáìlì, kó máa tẹ lẹ́tà. Ìwé IT rẹ̀ á kún, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, yunifásítì á fún un ní máàkì. Lọ́jọ́ tó bá wá ń wáṣẹ́ tí wọ́n bi í pé ẹ̀rọ wo lo ti tú rí, kí ló fẹ́ sọ?

Ẹ ó ní ọmọkùnrin náà ń jìyà IT. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin lè tẹ́ ẹní sùn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ní sáìtì. Bàbá wo níhìn-ín ló máa jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi náà ò ní gbà.

Rẹ́mọ wa yìí ò sì ṣaláìní ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà ní Ṣágámù, àwọn mìíràn wà ní àgbègbè ilé iṣẹ́ Flowergate. Ní Ìkẹ́nnẹ́, láti 1956 tí Tai Solarin ti dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ojú wa ò ṣàjèjì sí ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí nídìí iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ná gbogbo owó yín tán lọ́jọ́ ayẹyẹ, níbi tí a ti ń ya fọ́tò pẹ̀lú sọ̀wédowó tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. (Àwa ọmọ Rẹ́mọ, a kúkú mọ ayẹyẹ í ṣe.) Ẹ pa ìdajì mọ́ de ọdún kẹrin. Òun ni kí ẹ fi gba yàrá ní Ṣágámù, tí àwọn ọmọ náà á jọ máa gbé, kí ẹ fi ra bàtà iṣẹ́ àti akoto, kí ẹ fi san owó ọkọ̀. Ẹ wá ọmọ Ìrolú tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, kí ó bá yín mú lẹ́tà wọlé ní oṣù mẹ́ta kí IT tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé ìdí ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín wà, kì í ṣe ọ́fíìsì. Lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹnìkan nínú yín lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́, kó ní kí ọmọ náà fi ohun tó ti tú àti ohun tó ti tò hàn òun.