Ọlọ́wẹ̀, Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìlú Olókè



Púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìkẹjà GRA yìí, ẹ̀rọ ni ó ṣe é. A kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí a lè yìn fún un. Ìdí nìyí tí a fi rántí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìṣẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, láàárín òkè, ni a bí i sí ní nǹkan bí 1873. Ìṣẹ̀ ni ó ti di ìránṣẹ́ Arínjàlẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà kì í ra pákó lọ́jà. Inú igbó ni ó ti ń yan igi rẹ̀.

Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ìlú olókè bákan náà. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, ń bọ̀ lórí ohun tí àwọn ènìyàn rù, Ọba jókòó pẹ̀lú adé, kò dìde. Àwọn ère náà yọ síta lára igi bí ẹni tí ó fẹ́ rìn jáde.

Ní 1924 a gbé e lọ fi hàn ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á. Ọba kọ owó, ó ní kí wọ́n fi ìtẹ́ ṣe pààrọ̀. Ìtẹ́ dé, ilẹ̀kùn kò padà. Lójú tiwa, òyìnbó ni ó jèrè.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún àwọn olùwádìí.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú rẹ̀ kan wá, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.